Abọ́ Irúgbìn Kì Í Padà Lófìfo

Ẹ má ṣe pa òwe sùúrù fún Bánkẹ́. Láti ọjọ́ Ìkórè ni wọ́n ti ń yà sí ilé rẹ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́, lọ́kọ̀ọ̀kan, ní méjìméjì, kí wọ́n lè sọ fún un pé inú bíbí kò da nǹkan, sùúrù ni baba ìwà. Wọ́n á sọ ọ́ tán, wọ́n á mu omi tútù, wọ́n á sì padà sílé wọn. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí wọ́n dáná sun ohun tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un, tó sì dúró tó ń wò ó. Ẹni tí ọ̀ràn kò bá, kò sí òwe tí kò lè pa. Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ sọ bí ọ̀rọ̀ ṣe jẹ́ ná, kí ẹni tó bá ṣì ní òwe lẹ́nu lẹ́yìn náà wá pa á.

Bánkẹ́ kì í ṣe ènìyàn ńlá. Màmá Tiwa ni àdúgbò ń pè é, nítorí Tiwalọpẹ́ àkọ́bí rẹ̀ tó ń ṣe tíṣà ní Ṣàgámù. Ọkọ rẹ̀ ti ṣaláìsí tipẹ́. Ó ga, ó tẹ́ẹ́rẹ́, ọwọ́ rẹ̀ sì le bí èèpo igi. Lọ́jọ́ Ìsinmi, ṣọ́ọ̀ṣì Mẹ́tọ́díìsì ni ẹ ó ti bá a, lórí ìjókòó ẹ̀gbẹ́ fèrèsé tí ẹnikẹ́ni kì í bá a dù. Lọ́jọ́ yòókù, àkùrọ̀ etí odò ni, níbi tí ìyá rẹ̀ Adétóun ti ń gbin ìrẹsì kí wọ́n tó bí i. Ahọ́n rẹ̀ mú, kò sí irọ́ níbẹ̀. Obìnrin kan ta ẹja gbígbẹ tó ti ní ìdin fún un nígbà kan rí. Títí di òní, bí obìnrin náà bá rí i lókèèrè, ọ̀nà mìíràn ló ń gbà. Ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí ẹnì kan ní Ìkẹ́nnẹ́ tí yóò sọ pé Màmá Tiwa bínú sí òun láìnídìí.

Lẹ́yìn àwọn ọmọ rẹ̀, kò sí ohun tó fẹ́ràn tó ìrẹsì ìyá rẹ̀. Hóró rẹ̀ kúkúrú, ó pupa, kì í tètè gbó, kì í sì í so jaburata. Àwọn tó gbọ́n lójú ara wọn ti pa á tì tipẹ́, wọ́n ti mú ìrẹsì funfun tí ìjọba ń pín fún àgbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá ń hó lórí iná ní ẹ̀yìnkùlé, ẹni tó ń kọjá lójú títì á dúró, á béèrè ẹni tó ń se nǹkan. Kí Adétóun tó kú, ọ̀rọ̀ tó sọ fún ọmọ rẹ̀ gbẹ̀yìn kò gùn. Ó ní, "Bí ilé bá wó, wọ́n á tún un kọ́. Irúgbìn yẹn, má jẹ̀ẹ́ kó kú sí ọ lọ́wọ́." Láti ìgbà náà, lọ́dọọdún, Bánkẹ́ á ṣa ṣírí tó dára jù, á dì í, á gbé e kọ́ òkè ààrò kí èéfín lè máa lé kòkòrò sá. Ìdì kan nínú rẹ̀ á sì lọ síwájú pẹpẹ lọ́jọ́ Ìkórè, bí ìyá rẹ̀ ti ń ṣe. Kò gbé ohun tó rà lọ́jà lọ fún Ọlọ́run rí.

Òfin kan wà létí odò yẹn tí kò sí nínú ìwé kankan. Bí irúgbìn rẹ bá tán, o lè tọrọ lọ́wọ́ aládùúgbò rẹ. Kò ní dá iye lé e, kò sì ní bá ọ dá májẹ̀mú. Yóò bù ú sínú abọ́ ilé rẹ̀, yóò sì gbé e lé ọ lọ́wọ́ tòun ti abọ́. Bí o bá kórè tán, ìwọ náà á bu irúgbìn sínú abọ́ yẹn títí yóò fi kún dẹ́múdẹ́mú, wàá sì gbé e padà. Abọ́ irúgbìn kì í padà lófìfo. Ẹni tó bá dá a padà lófìfo, kò sẹ́ni tí yóò bá a jà, ṣùgbọ́n kò tún ní rí irúgbìn tọrọ mọ́ létí odò títí tí yóò fi kú. Ọmọdé ibẹ̀ mọ̀ ọ́n kí wọ́n tó mọ orúkọ ara wọn kọ.

Ní èṣí, ọ̀dá dá. Òjò sá lọ ní oṣù Keje, kò sì bojú wẹ̀yìn títí oṣù Kẹsàn-án fi wọlé. Ìrẹsì gbogbo etí odò gbẹ mọ́ ìdúró. Ohun tí Bánkẹ́ rí ṣà nínú gbogbo oko rẹ̀ kò ju ẹ̀kún abọ́ tánganran kan lọ, abọ́ funfun elétí búlúù tí ìyá rẹ̀ fi sílẹ̀. Kò jẹ hóró kan níbẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, isu ló gbé lọ sí Ìkórè, ojú sì tì í bí ẹni tó lọ sí ilé àna láìwọ bàtà. Irúgbìn ìrẹsì kì í dúró de ènìyàn. Bí ó bá ti pẹ́ jù lókè ààrò, ẹ gbìn ín títí, kò ní yọjú. Ẹ̀kún abọ́ kan yẹn gbọ́dọ̀ wọ ilẹ̀ lọ́dún yìí, tàbí kí ọ̀rọ̀ ìyá rẹ̀ di asán.

Inú ìnira yẹn ni a wà nígbà tí Dókítà Akínbọ́lá dé. Kì í ṣe dókítà abẹ́rẹ́ o. Dókítà ọ̀gbìn ni, ọkùnrin tí kò tíì tó àádọ́ta ọdún, tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, tí wọ́n ní ọmọ Ìpẹ̀rú ni bàbá rẹ̀. Ó pe àwọn àgbẹ̀ jọ sínú gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì, ó mú ṣírí ìrẹsì kan dání, ó sì kí àwọn àgbà bó ṣe yẹ kí ọmọ gidi kí wọn. Ọ̀rọ̀ rere ní í yọ obì lápò, ọ̀rọ̀ rere sì kún ẹnu rẹ̀.

Ó ní, "Ẹ̀yin bàbá, ẹ̀yin ìyá, ìrẹsì yìí, ẹ̀yin la ṣe é fún. Kì í ṣe àwọn olóko ńlá o, ẹ̀yin àgbẹ̀ kékeré, ẹ̀yin tí ẹ ò ní ẹ̀rọ omi. A ti yí àbùdá rẹ̀ padà. A fi ohun kan sí i nínú tí yóò jẹ́ kó lè fara da òùngbẹ. Bí òjò bá sá lọ, yóò dúró dè é."

Ta ló kọ́kọ́ pàtẹ́wọ́? Bánkẹ́ ni. Ẹ má ṣe ṣi ọ̀rọ̀ gbọ́. Bánkẹ́ kò bá ìrẹsì Dókítà jà rí, kò sì pè é ní ìrẹsì burúkú rí. Ẹni tí ọ̀dá ti jẹ oko rẹ̀ run, ṣé yóò bá ẹni tó ní òun lè dá ọ̀dá lẹ́kun jà ni? Ó pàtẹ́wọ́ títí ọwọ́ fi ń ta á.

Ẹ̀yìn àtẹ́wọ́ ni Dókítà tó wá sọ ìyókù. Ìrẹsì náà kò tíì gba àṣẹ pé kí ènìyàn gbìn ín tàbí kí ó jẹ ẹ́. Wọ́n ṣì fẹ́ dán an wò nínú ọgbà tí wọ́n fi wáyà yí ká, wọ́n sì ti rí ilẹ̀ kan létí odò. Ìyẹ̀fun òdòdó ìrẹsì ń fẹ́ nínú atẹ́gùn, ó lè gbé àbùdá yẹn dé ara ìrẹsì ẹlòmíràn, òfin sì ní kí ìrẹsì mìíràn má ṣe sí nítòsí ọgbà náà. Nítorí náà, kí àwọn tí oko wọn wà lágbègbè ibẹ̀ jọ̀ọ́, kí wọ́n fi ìrẹsì sílẹ̀ lọ́dún yìí. Kí wọ́n gbin ilá. Kí wọ́n gbin àgbàdo.

Oko Bánkẹ́ ló súnmọ́ ọgbà yẹn jù. Ìrẹsì tí wọ́n ń ṣe fún àgbẹ̀ kékeré, iṣẹ́ tó kọ́kọ́ ṣe láyé ni pé ó lé àgbẹ̀ kékeré kúrò nídìí ìrẹsì. Kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín nínú gbọ̀ngàn náà lọ́jọ́ yẹn. Wọ́n gbà, nítorí ọ̀dá ti kọ́ wọn lọ́gbọ́n, nítorí ọmọ wa náà ni Dókítà, àti nítorí pé àwa ènìyàn Rẹ́mọ kì í fi ẹnu kọ ohun tí ṣọ́ọ̀ṣì bá ti gbàdúrà lé lórí. Àwọn Dókítà gba Bánkẹ́ síṣẹ́, kó máa tu koríko inú ọgbà, kó sì máa lé ẹyẹ ẹ̀gà bí ìrẹsì bá yọ ṣírí. Ó ń lọ síbẹ̀ láràárọ̀, ó ń gba ẹ̀gbẹ́ oko ara rẹ̀ tó di igbó kọjá.

Ọ̀rọ̀ irúgbìn ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kó sùn dáadáa. Níbo ni yóò gbìn ín sí? Ilẹ̀ ẹbí rẹ̀ yòókù, orí òkè ni, obì àti kòkó ló wà níbẹ̀, kò sí omi. Àwọn aládùúgbò rẹ̀ létí odò, òfin de àwọn náà. Nígbà tí wọ́n fẹ́ gbin ọgbà náà, Dókítà wá bá a lábẹ́ igi àgbálùmọ̀ tó wà lẹ́bàá odò.

"Màmá Tiwa, wọ́n ní ẹ ní ìrẹsì àtijọ́ ìlú yìí. A nílò rẹ̀, mà. A fẹ́ gbìn ín sẹ́gbẹ̀ẹ́ tiwa, ká fi wéra."

Inú Bánkẹ́ dùn débi pé ó jókòó. Ibi kan ṣoṣo tí ìrẹsì ti lè wọ ilẹ̀ létí odò lọ́dún yìí, inú wáyà ni, wọ́n sì wá ń bẹ̀ ẹ́ kí ìyá rẹ̀ wọ ibẹ̀. Ó sáré lọ sílé. Ó bọ́ gbogbo ìdì tó wà lókè ààrò, ó fọwọ́ pa á, ó fẹ́ ẹ mọ́, ó bu gbogbo rẹ̀ sínú abọ́ elétí búlúù náà. Ó fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún Dókítà, tòun ti abọ́.

Dókítà ní, "Ẹ ṣé gan-an, mà. Ọlọ́run á bù kún yín." Ó béèrè bó ṣe ń ga tó, ó béèrè ìgbà tó ń yọ ṣírí, ó béèrè irú kòkòrò tó ń bá a jà. Kò béèrè bóyá òmíràn ṣẹ́kù nílé. Bánkẹ́ náà kò sọ pé kó dá a padà. Ta ní í sọ bẹ́ẹ̀? A ti gbé e fún un pẹ̀lú abọ́, ọ̀rọ̀ ti parí. Ọmọ Ìpẹ̀rú ni, Ìpẹ̀rú kò sì jìnnà. Àṣìṣe rẹ̀ nìyẹn, bí a bá lè pè é ní àṣìṣe pé ènìyàn fi ọkàn tán ọmọ ilé.

Lọ́dún yìí náà, ọ̀dá tún dá. Àwọn tó gbin ìrẹsì lọ́nà jíjìn, lẹ́yìn ibi tí òfin dé, ń sunkún. Nínú wáyà, ìrẹsì Dókítà dúró ṣinṣin, ó tutù yọ̀yọ̀. Àwọn ènìyàn ń wá dúró lẹ́yìn wáyà, wọ́n ń wò ó, wọ́n ń mi orí. Bánkẹ́ gan-an ń fi ọwọ́ pa ewé rẹ̀ bó ṣe ń tu koríko, ó ń sọ fún un pé, "O ṣe akin." Ó ń ronú nípa ọjọ́ tí òun náà yóò gbìn ín.

Ojú ilẹ̀ méjì ni wọ́n gbin ìrẹsì ìyá rẹ̀ sí. Wọ́n ń bomi rin ọ̀kan, wọ́n fi èkejì sílẹ̀ fún ọ̀dá. Èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ kú. Bánkẹ́ gbà. Ìdánwò ni, ó yé e. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń bomi rin yọ ṣírí, ṣírí rẹ̀ tẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n. Ibẹ̀ ni Bánkẹ́ ń dúró sí jù bí ẹ̀gà bá dé. Ó ti fojú wọ̀n ọ́n pé yóò kún abọ́ náà, yóò sì ṣẹ́kù. Ó ti ra okùn tuntun tí yóò fi di èyí tó ń lọ síwájú pẹpẹ.

Ọjọ́ ìkórè ọgbà náà, Bánkẹ́ wọ aṣọ tó mọ́. Òun nìkan ló ṣe bẹ́ẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ gé ìrẹsì ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, wọ́n wọ̀n ọ́n, wọ́n bu díẹ̀díẹ̀ sínú àpò kéékèèké, wọ́n lẹ̀ ẹ́ pa. Àlejò kan wà níbẹ̀, obìnrin tó wọ ṣòkòtò, tí wọ́n rán wá láti ọ́fíìsì tó ń ṣọ́ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Lẹ́yìn ọgbà, wọ́n ti gbẹ́ kòtò kan tó jìn. Bánkẹ́ rò pé ti ìgbẹ́ ni. Nígbà tí wọ́n wá ń da ìrẹsì sínú rẹ̀, ìdì lórí ìdì, tòun ti hóró, ẹnu yà á. Àwọn tó ti ń wo ìrẹsì náà lẹ́yìn wáyà láti oṣù mélòó kan wá tún wà níbẹ̀, ọmọ mìíràn wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ tí kò tíì jẹun àárọ̀. Wọ́n da kẹrosíìnì sí i. Wọ́n ṣáná sí i. Oúnjẹ tí ọ̀dá kò rí pa, ìṣáná pa á.

Ìyẹn nìkan ti tó kí inú bí ènìyàn. Ṣùgbọ́n Bánkẹ́ gbé e mì, ó ní bóyá òfin wọn ni. Ìgbà tó rí ọ̀dọ́kùnrin kan tó gbá ìrẹsì pupa mọ́ àyà, tó ń lọ síbi kòtò náà, ló tó pariwo.

"Ìyẹn kọ́! Ìyẹn kì í ṣe tiyín! Dókítà, ẹ sọ fún un, tèmi nìyẹn!"

Dókítà sáré wá. "Màmá Tiwa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ rọra. Òfin ni, mà. Ohunkóhun tó bá ti hù nínú wáyà, ọ̀kan náà ni òfin kà wọ́n sí. Ìyẹ̀fun òdòdó tiwa lè ti kàn án. A ò lè jẹ́ kó jáde."

"Irúgbìn ìyá mi ni!"

"Mo mọ̀, mà, ẹ̀yin lẹ fún wa. A dúpẹ́."

"Ẹ dúpẹ́? Ẹ̀bìtì tí kò peku, ẹ fi ẹyìn fún ẹlẹ́yìn! Ẹ ti dán an wò tán. Ẹ fún mi ní tèmi!"

Ó di ìdì náà mú. Ọ̀dọ́kùnrin yẹn kò mọ ohun tí yóò ṣe, ó ń wo Dókítà, Dókítà ń wo obìnrin tó wọ ṣòkòtò. Obìnrin náà kò bínú, kò pariwo. Ó kàn mi orí pé rárá. Wọ́n rọra tú ìka Bánkẹ́ kúrò lára ìdì náà, lọ́kọ̀ọ̀kan, pẹ̀lú "ẹ má bínú, mà" lórí ìka kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì jù ú síná. Hóró ìrẹsì ń ta pàrà nínú iná. Bánkẹ́ dúró, ó wò ó títí ó fi rọlẹ̀. Kò sunkún. Ìbá sàn kó sunkún.

Tiwalọpẹ́ wá láti Ṣàgámù ní ìrọ̀lẹ́ nígbà tí wọ́n pè é. Ó jókòó ti ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, ẹ fọkàn balẹ̀. Ìrẹsì lásán ni. A máa ra òmíràn." Bánkẹ́ wo ọmọ tó bí, ó wò ó pẹ́, ó ní kó lọ gbé omi kaná.

Ní ọjọ́ kejì, ó lọ sí ọ́fíìsì Dókítà. Dókítà dìde fún un, ó fa àga kan wá.

"Ẹ káàárọ̀, mà. Mo mọ̀ pé inú yín ò dùn."

"Abọ́ mi dà?"

"Abọ́ wo, mà?"

Ó wà níwájú rẹ̀. Ó wà lórí tábìlì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ̀ǹpútà, bírò kún inú rẹ̀: bírò pupa, bírò búlúù, àti okùn tí wọ́n fi ń gba iná sí fóònù. Abọ́ tí Adétóun fi ń bu irúgbìn. Láti ìgbà tí Bánkẹ́ ti mọ Dókítà, "ẹ" ló ń lò fún un, nítorí ipò rẹ̀ àti ìwé tó kà. Àárọ̀ ọjọ́ yẹn ni "ẹ" tán lẹ́nu rẹ̀.

"Ìwọ, kí lo rò pé mo gbé fún ọ?"

"Màmá, mo rò pé ẹ fi ta mí lọ́rẹ ni. Ó wù mí, mo ní kí n fi ṣe ìrántí yín."

"Ta ní í fi abọ́ irúgbìn tọrẹ? Ṣé kì í ṣe ọmọ Ìpẹ̀rú ni ọ́ ni?"

"Ìpẹ̀rú ni bàbá mi, mà, ṣùgbọ́n Kàdúná la gbé títí mo fi dàgbà. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo rò pé ẹ ní òmíràn nílé."

"O bi mí?"

"N kò bi yín, mà."

"O bi mí bó ṣe ń ga tó. O bi mí nípa kòkòrò. Ìbéèrè kò wọ́n lẹ́nu rẹ." Ó gbá tábìlì. "Èyí tí ẹ fi ránṣẹ́ nínú àpò kéékèèké ńkọ́?"

"Wọ́n ti ń lọ̀ ọ́ kúnná, mà, láti yẹ inú rẹ̀ wò."

"Èyí tó ṣẹ́kù nígbà tí ẹ gbìn ín ńkọ́?"

"Gbogbo rẹ̀ la gbìn." Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. Ìgbà yẹn ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé e, ó hàn lójú rẹ̀. "Màmá Tiwa, ẹ jẹ́ kí n wá nǹkan ṣe sí i. Mo máa wá irúgbìn fún yín, àpò gbáko, irúgbìn tó dára ju ìyẹn lọ."

"Bí ìyá rẹ bá kú," Bánkẹ́ ní, "ṣé wọ́n á gbé ìyá mìíràn tó dára jù ú lọ wá fún ọ?"

Ó da bírò sórí tábìlì, wọ́n yí lọ sílẹ̀. Ó gbé abọ́ rẹ̀, ó jáde. Àwọn tó wà níta sọ pé ẹnu Rẹ́mọ pọ́ńbélé ló ń sọ bó ṣe ń lọ, irú èyí tí àwọn ìyá ìyá wa ń sọ, tí ọ̀pọ̀ wa kò gbọ́ tán mọ́. Kò yà sílé. Etí odò ló gbà lọ, síbi kòtò, níbi tí eérú ti tutù.

Bẹ́ẹ̀, ọjọ́ Ìkórè ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Kí gbogbo èyí tó ṣẹlẹ̀, ṣọ́ọ̀ṣì ti pe Dókítà Akínbọ́lá láti wá ṣe alága Ìkórè, nítorí wọ́n ní ẹni tó ń bá àgbẹ̀ ṣiṣẹ́ ló yẹ. Dókítà ìbá ti wí àwáwí pé òun ò lè wá, kì í ṣe àbùkù. Ṣùgbọ́n ó wá. A gbọ́dọ̀ yìn ín fún ìyẹn. Ó wọ agbádá funfun, ó jókòó lórí àga níwájú, kò sì rẹ́rìn-ín bíi ti tẹ́lẹ̀.

Àwọn ọmọ ìjọ ń tò lọ síwájú pẹpẹ pẹ̀lú irè oko wọn. Isu, ọ̀gẹ̀dẹ̀, àgbàdo gbígbẹ, adìẹ tó ń ké. Bánkẹ́ dìde lórí ìjókòó rẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó fi aṣọ ìdikù funfun bo abọ́ rẹ̀, ó rìn jẹ́ẹ́, ó gbé e sílẹ̀ láàárín isu, ó padà lọ jókòó. Ẹnikẹ́ni kò fura.

Lẹ́yìn ìwàásù, gbàǹjo bẹ̀rẹ̀. Owólabí ló ń ṣe gbàǹjo lọ́dọọdún, aláwàdà ènìyàn, tó lè ta adìẹ kan bíi pé màlúù ni. Bí àṣà, alága ni yóò kọ́kọ́ dá owó lé nǹkan kọ̀ọ̀kan, kí àwọn yòókù tó bù lé e. Wọ́n ta isu. Wọ́n ta ọ̀gẹ̀dẹ̀. Owólabí gbé abọ́ elétí búlúù sókè, ó ṣí ìdikù.

"Ẹ̀yin ará, kí ni mo rí yìí? Ṣé èlùbọ́ ni, àbí gààrí tó jóná?" Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ó ti ìka bọ̀ ọ́, ó wo ìka náà. Ẹ̀rín kúrò lójú rẹ̀. "Eérú ni."

Bánkẹ́ ti dìde. "Èmi ni mo gbé e wá, Owólabí. Má gbé e sílẹ̀. Ìrẹsì ìyá mi ni. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n, ọ̀pọ̀ yín ló ti jẹ ẹ́ nílé mi. Ó ku ẹ̀kún abọ́ kan ṣoṣo láyé, mo bù ú fún àlejò, tòun ti abọ́. Ohun tí mo rí gbà padà nìyẹn. Ẹ ní kí a mú àkọ́so oko wa wá. Àkọ́so oko mi ló wà lọ́wọ́ rẹ yẹn. Kéde rẹ̀. Kí alága dá owó lé e."

Adìẹ kan ṣoṣo ló ń ké.

Àlùfáà na ọwọ́ sí i. "Màmá Tiwa, ẹ jọ̀ọ́. Ilé Ọlọ́run la wà."

"Mo mọ̀, Bàbá. Ìdí tí mo fi gbé e wá síbẹ̀ nìyẹn."

Dókítà dìde lórí àga alága. Ó sọ̀ kalẹ̀ láti iwájú, ó rìn láàárín ìjókòó títí ó fi dé ọ̀dọ̀ Bánkẹ́. Ó ká agbádá rẹ̀ mọ́ra, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí símẹ́ńtì, àyà rẹ̀ kan ilẹ̀.

"Ẹ dárí jì mí, mà. N kò mọ̀. Ó yẹ kí n béèrè."

Ìjọ mí kanlẹ̀. Àwọn kan ní, "Ó tó, ó tó." Àwọn mìíràn ti ń wá orin tí wọ́n máa kọ. Àlùfáà ti gbé ọwọ́ sókè fún àdúrà. Gbogbo ojú yí sí Bánkẹ́, wọ́n ń retí ohun tí àgbàlagbà ń sọ nígbà tí ẹni ńlá bá dọ̀bálẹ̀ fún un, pé dìde, ó ti tán. Bánkẹ́ wo ẹ̀yìn ọrùn rẹ̀, ó wo agbádá funfun tó ti gba erùpẹ̀. Kò kórìíra ọkùnrin náà. Ìyẹn gan-an ló tún dá kún ìbínú rẹ̀, pé kò rí ẹni burúkú kan tí ìbá kórìíra.

Ó lọ gba abọ́ rẹ̀ lọ́wọ́ Owólabí, ó padà wá dúró síwájú Dókítà.

"Dìde, Akínbọ́lá," ó ní. "O dọ̀bálẹ̀ dáadáa, ilé tó dára ni wọ́n ti tọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ìdọ̀bálẹ̀ kì í hù."

Ó fi ìdikù bo eérú náà, ó gbé abọ́ rẹ̀ mọ́ra, ó sì gba ẹnu ọ̀nà jáde lọ sílé.